Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Ni Orí Ẹni?

Ẹ̀dá alààyè díẹ̀ ni ọmọ aráyé tíì ṣọ́ ìran wọn tó ti ẹṣin ìje. Láti 1791 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ orúkọ baba àti ìyá ẹṣin kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìran tí wọ́n ń pè ní General Stud Book, ẹṣin tí kò bá sì ní ìran nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè bá wọn du ìje ńláńlá. Tí a bá tọ ìran gbogbo wọn lọ sókè níhà baba, ọ̀dọ̀ akọ ẹṣin mẹ́ta péré tí wọ́n kó wá láti ìhà ìlà oòrùn ni yóò parí sí: Byerley Turk, Darley Arabian àti Godolphin Arabian. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ìje kì í ṣe àjèjì sí wa ní Erékùṣù Èkó. Pápá ìje ẹṣin ni Tafawa Balewa Square kí ìjọba Gowon tó sọ ọ́ di gbàgede ní 1972. Àwọn ẹṣin funfun ńláńlá mẹ́rin ṣì wà lókè ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ títí di òní. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ń pinnu ohun tí ẹ̀dá yóò jẹ́, ọ̀dọ̀ ẹṣin ìje ni kó kọ́kọ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ọkọ àti aya fún ẹ̀dá láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń kọ gbogbo àbájáde rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹṣin kan tó ń jẹ́ Galileo yẹ̀ wò. March 30, 1998 ni wọ́n bí i. Sadler's Wells ni baba rẹ̀, akọ ẹṣin tí àwọn ọmọ rẹ̀ pawó nínú ìje ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland fún ọdún 14. Northern Dancer ará Kánádà ni baba baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Urban Sea, ló gba ìje Prix de l'Arc de Triomphe ní ilẹ̀ Faransé ní 1993. Ní 2001, lábẹ́ ìtọ́ni Aidan O'Brien tó ń kọ́ ẹṣin, Galileo gba ìje Derby ní Epsom, ó gba ti Ireland, ó tún gba King George ní Ascot, gbogbo rẹ̀ lórí koríko tútù. Ní September ọdún yẹn ni ó pàdé ẹṣin kan tó ń jẹ́ Fantastic Light ní Leopardstown. Fantastic Light, tí Frankie Dettori gùn, ló wà níwájú nígbà tí wọ́n yọ sí ọ̀nà tààrà. Galileo ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń du ú lọ ní imú sí imú, àwọn agẹṣin méjèèjì tẹ̀ mọ́ ọrùn ẹṣin wọn, kò sì sí èyí tó fẹ́ gbà fún èkejì. Ìwọ̀n orí kan ni Fantastic Light fi gbà á. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé Galileo lọ sí Amẹ́ríkà láti sáré lórí iyẹ̀pẹ̀, kò sì rí ipò kankan mú bọ̀. Eré 8 ló sá, ó gba 6, wọ́n sì dá a padà sílé láti máa bímọ.

Bíbí tó bímọ yìí gan-an ló sọ ọ́ di ìtàn. Ní Coolmore, oko ẹṣin kan ní Tipperary, ó di akọ ẹṣin tó gbapò kìíní láàárín àwọn baba ẹṣin Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ní 2008, àti lọ́dọọdún láti 2010 dé 2020. Márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ gba Derby Epsom. Ní 2016, nígbà tí wọ́n sá Prix de l'Arc de Triomphe ní Chantilly, Found ló ṣe ipò kìíní, Highland Reel ló ṣe ìkejì, Order of St George ló ṣe ìkẹta. Galileo ni baba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ rẹ̀ náà ni Frankel, tó sá eré 14 láàárín 2010 àti 2012, tí kò pàdánù ẹyọ kan. Galileo kú ní July 10, 2021. Ẹni tó bá ka gbogbo èyí tí kò rò pé ẹ̀jẹ̀ ni ohun gbogbo, onítọ̀hún kò tíì kà á dáadáa. Mo gbà pé ẹ̀rí tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìran yẹn kò dákẹ́ síbẹ̀, ohun mìíràn tó sì sọ ni àwọn tó ń fi ẹṣin yangàn ìran kì í fẹ́ kà sókè.

Northern Dancer tó bí Sadler's Wells náà ló bí Snaafi Dancer. Ní 1983, nígbà tí Snaafi Dancer jẹ́ ọmọ ọdún kan, wọ́n rà á ní mílíọ̀nù 10.2 dọ́là, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Kò sáré lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní kó kúkú máa bímọ, ọmọ mẹ́rin péré ló rí bí. Ní 2006, wọ́n ra ẹṣin kan tó ń jẹ́ The Green Monkey ní mílíọ̀nù 16 dọ́là. Àtọmọdọ́mọ Northern Dancer lòun náà. Ó sá eré mẹ́ta, kò gba ọ̀kankan. Galileo fúnra rẹ̀ ní àbúrò ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ìyá àti ọmọ baba rẹ̀, Black Sam Bellamy. Ẹṣin rere ni, ó gba ìje ńlá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi í sídìí ọmọ bíbí, kò sún mọ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Baba kan náà, ìyá kan náà, ìwé ìran tí kò fi lẹ́tà kan yàtọ̀! Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Dublin rí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ìje tó ń sọ bóyá ẹṣin kan yóò dára fún eré kúkúrú tàbí eré gígùn. Àwárí gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ẹ wo ohun tó sọ: ó sọ irú eré tó bá ara ẹṣin mu, kò sọ ẹni tí yóò gba ìje. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́nu ìlà ní Epsom ló ní ẹ̀jẹ̀ tó bá eré náà mu, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gbà á.

Ẹnì kan lè sọ pé, bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Galileo gba ìje ju ọmọ ẹlòmíràn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé irú ìyá tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà. Gbàrà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, àwọn abo ẹṣin tó dára jù lágbàáyé ni wọ́n ń kó wá bá a. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó jáde sì lọ sọ́dọ̀ O'Brien ní Ballydoyle, níbi tí koríko, oúnjẹ, dókítà ẹranko àti òṣìṣẹ́ kò ti wọ́n wọn. Ta ló fẹ́ yọ ìtọ́jú kúrò lára ẹ̀jẹ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí? Frankel gan-an, nígbà tó kéré, ipá ló fi ń fa ìjánu mọ́ ẹni tó gùn ún lọ́wọ́, ó fẹ́ lo gbogbo agbára rẹ̀ tán kí eré tó dé ìdajì. Henry Cecil, tó ń tọ́ ọ ní Newmarket nígbà tí àìsàn ń bá òun fúnra rẹ̀ jà, ló fi sùúrù kọ́ ọ bí a ti ń mí kí a tó sáré. Ìtàn ilẹ̀ wa náà jẹ́rìí sí i. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé fi di ìjọba ńlá, òkè Ọya ni wọ́n sì ti ń rà wọ́n. Ẹṣin tó dára tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá mú un sọ̀kalẹ̀ wá sí ìhà igbó, eṣinṣin kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń fi àrùn sí i lára, kì í sì í pẹ́ tí yóò fi kú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yí padà lójú ọ̀nà, ilẹ̀ tó tẹ̀ ló yí padà.

Àwọn baba wa ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ kí ìwé ìran ẹṣin tó dáyé. Nínú Ifá, ní Ogbè Ògúndá, a gbọ́ nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń ti ọ̀run bọ̀ wáyé: ọmọ Ògún, ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, ni wọ́n ń lọ. Àwọn méjì tó ṣíwájú kò bá Àjàlá nílé. Wọ́n ṣa èyí tó wù wọ́n lójú, orí tí kò jinná nínú iná, òjò sì pa á lójú ọ̀nà títí ó fi jẹ tán. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ ti kọ́kọ́ yà kí baba rẹ̀, wọ́n dá Ifá fún un, ó rúbọ. Nígbà tó dé ilé Àjàlá, ó bá olówó tó jókòó ti ilẹ̀kùn, Àjàlá sì ti sá gun àjà nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó sì bá a yan orí tó le. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ òrìṣà ni gbogbo wọn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ni orí, orí ọmọ Ògún ì bá le bí irin. Bí ẹnì kan bá ní ọmọ Ọ̀rúnmìlà kúkú ni Afùwàpẹ́, èsì mi ni pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló gbà lọ́wọ́ baba rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìmọ̀ràn ló gbà, ẹbọ ló rú, gbèsè onígbèsè ló san. Kò sí èyí tí ọmọ òtòṣì kò lè ṣe nínú wọn.

Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí a ti ń ka ìran jù, kò fi ìgbà kankan gbà pé ẹ̀jẹ̀ nìkan tó. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọba kò lè jọba ní Ìgá Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, èyí kò ní àríyànjiyàn. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ọba máa ń pọ̀, a ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bi Ifá léèrè, àwọn olóyè a ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Ọba Adélé Ajósùn wàjà ní 1837, ọmọ rẹ̀ Olúwọlé sì jọba tẹ̀lé e títí di 1841. Ó di 1949 kí ẹlòmíràn láti ìdílé náà tó gorí ìtẹ́, ìyẹn Ọba Adéníji Adélé Kejì, tí òpópónà Adéníji Adélé ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọdún 108 ló wà láàárín, ẹ̀jẹ̀ kò sì kúrò nínú ìdílé náà fún ọjọ́ kan.

Àtakò méjì ṣẹ́ kù tí mi ò lè fò. Èkínní ni pé ènìyàn kì í ṣe ẹṣin, pé àfiwé náà bu ènìyàn kù. Mo gbà pé ẹṣin kò yan ohunkóhun. Wọ́n yan ìyàwó fún un, wọ́n yan pápá fún un. Ìdí tí mo fi mú un wá gan-an nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè ṣe ìlérí fún ẹ̀dá tí wọ́n ti ń ṣa òbí fún láti ìran dé ìran, báwo ni yóò ṣe lè ṣe é fún ọmọ ènìyàn tó ní làákàyè, tó lè kọ ọ̀nà baba rẹ̀ sílẹ̀? Èkejì wúwo jù. Wọ́n á ní, o yọ wá lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀, o tún fi wá lé orí lọ́wọ́; kí ni ìyàtọ̀? Ìyàtọ̀ wà. Orí ṣeé bẹ̀, orí ṣeé bọ, a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó ń bọ ẹ̀jẹ̀. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tí kì í bọrí náà kò yọ sílẹ̀, nítorí Súrà 49 nínú Àlùkùránì sọ pé ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run jù ló ní ọlá jù lọ́dọ̀ Rẹ̀, kò ka ẹ̀yà sí i. Orí 18 nínú ìwé Ìsíkíẹ́lì sì sọ pé ọmọ kò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ baba rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú ìlú tó kún fún àwọn tó ń ka ìwé méjèèjì yìí, owó àti òru tí à ń ná sórí ègún ìdílé ṣì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò ru nǹkan kan. Ó ń ru ara. Bí ẹni tó ní jẹ́nótáìpù AS bá fẹ́ ẹni tó ní AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé yóò jẹ́ SS, àdúrà kò sì yí ìṣirò yẹn padà. Ìyẹn ni ohun tó yẹ kí a máa fi ìwádìí ìdílé wá kí tọkọtaya tó dá ọjọ́. Ṣùgbọ́n olè jíjà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀lẹ kò sí níbẹ̀, ìwà pẹ̀lẹ́ náà kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà wa, tí ẹ bá rán ènìyàn lọ wádìí ọmọ kan, ẹ ní kó béèrè jẹ́nótáìpù rẹ̀ àti àìsàn ìdílé rẹ̀, kó sì bi àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó ń bá a gbé, irú ẹni tó jẹ́. Ẹ má ṣe dá ìgbéyàwó rẹ̀ dúró nítorí ohun tí baba bàbá rẹ̀ jí kí wọ́n tó bí i.