Ta Ni Yóò San Án?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, àwa olùkọ́ mélòó kan ní ilẹ̀ Kétu pinnu láti máa fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ bá àwọn ọmọ kíláàsì Terminale sọ̀rọ̀ nípa owó: bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀, bí a ṣe ń fi í pamọ́, àti bí a ṣe ń yá a. Lórí méjì àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó bá wa wíjọ́. Ìkẹta ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bàbá kan dìde ní ìpàdé àwọn òbí, ó ní: «Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ tí ẹ bá kọ́ ní gbèsè, gbèsè ni yóò jẹ.» Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. A kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Àwọn baba ńlá wa mọ ohun tí gbèsè lè ṣe. Ní ayé ìwọ̀fà, ẹni tó bá yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Kò dín ojú owó kù rárá. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì san ojú owó, ìsìn kò lópin. Ọmọ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka owó náà, tí kò sì jẹ nínú rẹ̀, òun ni yóò jí lọ sí oko olóko. Ológò tún wà, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa mú adìẹ ilé, títí ìtìjú yóò fi mú kí ẹbí wá owó náà jáde. Ológò kò tíì kú. Ní Nàìjíríà tó múlé tì wá, àwọn kan tí ń yáni lówó lórí fóònù ti fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù onígbèsè, ìbáà ṣe àna rẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló yí padà.

Ẹ̀rù bàbá yẹn ní ìdí, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ṣé àìkọ́ ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ ohun tó ti bá a nílé? Ẹ jẹ́ kí a wo èsúsú, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní tọ́ntìn. Obìnrin mẹ́wàá ń dá 5 000 sẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o gba 50 000, nígbà tó jẹ́ pé 5 000 péré ló tíì dá. Láti ọjọ́ náà lọ, ó jẹ àwọn mẹ́sàn-án yòókù ní gbèsè. Kò sí ìwé, kò sí èlé, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní onígbèsè. Nígbà tí a bi àwọn òbí léèrè pé mélòó nínú wọn ni kò tíì kó èsúsú ṣáájú rí, ẹ̀rín sọ. Bàbá náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín.

Nínú kíláàsì, ìṣirò ló kọ́kọ́ là wọ́n lójú. Gbogbo wọn mọ ọ̀rọ̀ náà sógundógójì, wọ́n sì mọ̀ pé ìwà burúkú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ pé ẹnì kan yá 10 000 lọ́jà, tó sì ń san 1 000 èlé lóṣooṣù, wọ́n ní kò pọ̀. A ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ dé ọdún kan: èlé 12 000 lórí 10 000, ojú owó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó ti kọjá sógundógójì! Ní ọdún 2014, òfin àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní kí èlé báńkì má ṣe ju 15 lórí 100 lọ lọ́dún, kí ti ilé ìyáwó kéékèèké má sì ju 24 lọ.

Ìṣirò nìkan kò tó ṣá. Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì yẹn gan-an fi fóònù ìyá rẹ̀ yá 20 000. Apá kan bá ìwé lọ, apá kejì bá bàtà lọ. Kò rí i san. Ìyá rẹ̀ ń ta gààrí, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe onídùúró fún ara wọn. Nígbà tí wọ́n lọ gba owó òwò, ilé ìyáwó ní orúkọ ìyá náà ti bàjẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ sì padà lọ́wọ́ òfo. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́ igi dí ẹgbẹ̀fà. Níhìn-ín, ẹni tó bẹ́ igi kọ́ ni ọ̀nà dí mọ́. Láyé àtijọ́, baba ló ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ló fi ìyá rẹ̀ ṣe é, láìjẹ́ pé ìyá mọ̀.

Obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ bíi tiwa kò fara mọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ó ní ọmọ tí ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ètò owó wo ni a fẹ́ kọ́ ọ? Ó ní à ń sọ òṣì di ẹ̀bi òtòṣì. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá ti Kétu lọ sí yunifásítì ní Abomey-Calavi, tí owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba kò tètè dé ọwọ́ rẹ̀, àwìn ni yóò fi jẹun lọ́dọ̀ olóúnjẹ, kò sì sí ìṣirò tí yóò kún inú rẹ̀. A kò lè sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó má yáwó. Ohun tí a ń bi í kò ju èyí lọ: bí o kò bá rí i san, ta ni yóò san án? Ṣé ẹni náà mọ̀, ó sì gbà? Olóúnjẹ tó ń ta àwìn mọ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìyá yẹn kò mọ̀. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, kì í ṣe nínú iye owó.

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè nígbà tí a sọ èyí tán. Ó ní: «Ọ̀gá, bó bá jẹ́ pé màmá mi ló fẹ́ fi orúkọ mi yáwó ńkọ́? Ṣé mo lè kọ̀ fún un?» A ní kó jókòó, pé a ó dá a lóhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A wá jíròrò láàárín ara wa. Àwọn kan nínú wa ní ó lè kọ̀, àwọn kan ní ta ni yóò wo ojú ìyá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà dé, ó kọjá. Ọmọ náà ṣì ń retí wa.