Ẹni Ọmọ Sìn

Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Gbogbo wa la mọ òwe náà, a sì mọ ohun tó ń fẹ́: kí ọmọ gbẹ̀yìn òbí, kó sin ín, kí ayé sì rí i pé ó sin ín. Ẹ jẹ́ ká fi àmì ohùn kékeré kan kún un, ká wí pé ẹni ọmọ sìn ló bímọ. Sin ni ti òkú, sìn ni ti alààyè. Èdè wa fi ọ̀rọ̀ méjèèjì súnmọ́ra débi pé bí ẹnìkan bá ní Àkànní sin bàbá rẹ̀, etí nìkan kò lè sọ bóyá oúnjẹ ló ń gbé fún bàbá ni tàbí sàréè ló gbẹ́. Àárín ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ìbéèrè tó ń da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú lónìí wà: ṣé ọmọlúàbí lè gbé ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà? Èsì tèmi ni pé ó lè gbé wọn lọ, ó sì lè fi wọ́n sílé, nítorí pé a kì í fi òrùlé wọn ìwà. Ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni bóyá ẹnìkan ń sin arúgbó náà lábẹ́ òrùlé ọ̀hún, àti bóyá ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń sìn ín.

Ládùúgbò wa, ìdájọ́ máa ń yá ju ìwádìí lọ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé Màmá ti wà ní ilé àwọn arúgbó tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń bójú tó ní Yábàá, tàbí ní Regina Mundi tí ìjọ Àgùdà ní ní Múṣin, kò sẹ́ni tó máa béèrè irú àìsàn tó ń ṣe Màmá. Wọ́n á ní ọmọ ti lọ da ìyá rẹ̀ nù. Ìdájọ́ yìí nídìí, kò sì yẹ ká fi ṣẹ̀sín. Inú agbo ilé ló ti wá. Nínú agbo ilé àtijọ́, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmú náà pọ̀. Ìyàwó ilé kan ń gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀, òmíràn ń po ẹ̀kọ, ọmọ-ọmọ ń sùn lẹ́sẹ̀ ẹní Bàbá, ẹni tó bá lọ sóko ti mọ̀ pé ẹnìkan á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí òun á fi dé. Bí a bá wò ó dáadáa, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni agbo ilé jẹ́: ó ní òṣìṣẹ́ ọ̀sán, ó ní ti òru, kò sì sí ẹnìkan ṣoṣo tí ẹrù náà ń dá lẹ́yìn. Ohun tí òwe òkété gbójú lé nìyẹn, òun náà ló sì ti ń tú ká.

Ibi tó túká sí kò pamọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn olùtọ́jú arúgbó kún àwọn òṣìṣẹ́ tó lè gba físà ètò ìlera, ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá ọ̀nà yẹn lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní olùtọ́jú tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹni tuntun láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti wọlé ń báṣẹ́ lọ. Wọ́n ń wẹ̀ fún ìyá ẹlòmíràn, wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n ń kọ iye omi tó mu sínú ìwé. Nígbà tí ọmọ Ìbàdàn bá ń ṣe gbogbo èyí ní Manchester, ó lè jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà pẹ̀lú ìyá tirẹ̀ nílé, tí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohunkóhun, tí kò sì sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀, nítorí pé inú ilé tara rẹ̀ ni Màmá wà, tí owó sì ń wọlé lóṣooṣù, àdúgbò á ní ọmọ gidi ni. Bí ọmọ kan náà bá gbé Màmá lọ síbi tí nọ́ọ̀sì wà tọ̀sán-tòru, a ó ní ó ti ya aláìmoore. Òṣùwọ̀n yìí ti wọ́.

Ohun tó wọ́ ọ ni pé a rò pé ìtọ́jú arúgbó kò ju ìfẹ́ àti oúnjẹ lọ. Ẹ wo ohun kan péré. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ kò lè yí ara rẹ̀ padà. Bí a kò bá yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráàyè ṣàn níbi tí egungun ti tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì: gìgísẹ̀, ìbàdí, òkè ìdí. Ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀, á bó, á di egbò tó lè jìn dé egungun. Lára funfun, a máa ń rí i tó pọ́n kó tó dégbò. Lára dúdú bíi tiwa, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Ọwọ́ ni ẹni tó mọṣẹ́ ń fi mọ̀ ọ́n, nítorí pé ojú ibẹ̀ lè gbóná tàbí kó le ju àyíká rẹ̀ lọ. Ta ló fi èyí kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀? Àìsàn ìgbàgbé tún wà ńbẹ̀, èyí tí à ń pè ní ṣíṣarán. Màmá á jí ní aago méjì òru, wọ́n á gbé igbá, wọ́n á ní ọjà ti ń pẹ́. Wọ́n á máa béèrè ọkọ wọn tó ti kú tipẹ́. Ẹni tó mọ àìsàn náà á bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, á sì mú wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́, a sì mọ ohun tí ojú àwọn ìyá arúgbó ti rí lórílẹ̀-èdè yìí nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ pípé wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, bí inú rere ti wà níbẹ̀. Inú rere tí kò mọ ohun tó ń ṣe lè fi egbò pa ìyá.

Ó tún yẹ ká béèrè ọwọ́ ta ló ń ṣiṣẹ́ náà nínú ilé tí a ń yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ìyàwó ilé ni, tàbí ti ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin á wá gba oríyìn rẹ̀ ní ìpàdé ẹbí. Òun ló ń pààrọ̀ páńpáàsì, òun ni kò sùn, òun ló fi ọjà sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò lè gbé ìyá òun lọ síbì kankan, tó sì gbé gbogbo ẹrù náà lé orí obìnrin kan láì bi í léèrè, ń fi òógùn ẹlòmíràn ra orúkọ rere ni. Ìwà ọmọlúàbí kò sí nínú ìyẹn.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí, pé àwọn ló ń sọ òbí wọn nù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Arúgbó wà ní ilé ìtọ́jú ní London tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́dọ̀ wọn tó bá òtítọ́ tí à ń kọ́ ọmọ wa mu: wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn nìkan. Àjọ kan, Care Quality Commission, ń yẹ ilé ìtọ́jú wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi wọ́n sí ipò mẹ́rin, láti orí èyí tó tayọ dé orí èyí tí kò tó rárá, ẹnikẹ́ni sì lè ka àbájáde rẹ̀. Ìbéèrè táwọn ènìyàn wa tó ti pẹ́ níbẹ̀ sábà máa ń béèrè ni pé ṣé ìjọba á gba ilé àwọn. Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ló máa ń sanwó ìtọ́jú ara rẹ̀, wọ́n sì lè ka ilé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á bí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá sáré kọ ilé sórúkọ ọmọ kí wọ́n má baà kà á, wọ́n ṣì lè kà á mọ́ ọn bí ó bá hàn pé torí ìyẹn ló ṣe é. Òtítọ́ ló rọrùn jù níbẹ̀: kí ẹbí jókòó, kí wọ́n ṣírò, kí wọ́n sọ ọ́ síta kí àìsàn tó dé.

Àtakò tó lágbára jù ni ti èdè àti ọ̀wọ̀. Nínú àìsàn ìgbàgbé, èdè tí a kọ́ lẹ́yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Bàbá tó ti lo ogójì ọdún ní Peckham lè jí lọ́jọ́ kan kó má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, kó máa fi Ìjẹ̀bú bẹ omi, kí wọ́n ní ariwo ló ń pa. Ọmọdé tí kò tó ọmọ-ọmọ rẹ̀ á sì máa pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ọgbẹ́ ni èyí fún Yorùbá, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àtakò yìí ń sọ. Ilé ìtọ́jú ní láti ní ìwé ètò ìtọ́jú fún olúkúlùkù, ẹbí sì lè bá wọn sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀: ẹ máa pè wọ́n ní Bàbá, ẹ gbé omi àlùwàlá sítòsí kí ìrun tó tó, àmàlà ni wọ́n ń jẹ, ẹ rò ó kó rọ̀, oríkì wọn rèé, ẹ kí wọn bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ tó lọ sọ èyí, tó sì padà lọ wò bóyá wọ́n ń ṣe é, ń sin bàbá rẹ̀. Ọmọ tí kò lọ ti já a sílẹ̀, ì báà jẹ́ yàrá kejì ni bàbá ń sùn.

Nílé níbí, ẹrù ọmọ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 16 àti 17, ní kí ìjọba pèsè ìtọ́jú fún arúgbó, kó má sì jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n tì. Ṣùgbọ́n abala 6 kò jẹ́ kí a lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí abala méjèèjì yẹn. Òfin ọdún 2017 dá àjọ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, ó sì yẹ ká máa béèrè ohun tó ń ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Kí ìyẹn tó fìdí múlẹ̀, ojú ọmọ ni olùyẹ̀wò. Kó kọ́kọ́ bi Màmá fúnra wọn, nígbà tí ọpọlọ wọn ṣì pé, ibi tí wọ́n fẹ́ gbé. Ẹni tí a gbé lọ láì bi í ni a dà nù. Kó béèrè iye ènìyàn tó ń jí lóru. Kó béèrè bóyá òun lè yọjú láì sọ tẹ́lẹ̀, ilé tó bá sì kọ̀, kó yáa gbé Màmá kúrò níbẹ̀. Bí ó bá fi wọ́n sílé, kó béèrè ohun kan náà nípa ilé.

Wọ́n á ní owó dà? Lóòótọ́, ilé tó dára wọ́n, ọ̀pọ̀ kò lè san án láé, kò sì yẹ ká dá wọn lẹ́bi. Àwọn wọ̀nyẹn lè ṣe bíi ti agbo ilé: kí ẹbí pín òru láàárín ara wọn, kí ẹni tó wà lókè òkun sanwó fún ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kan náà la máa ń rówó màlúù, ti aṣọ ẹbí, ti olórin àti ti fídíò nígbà tí Màmá bá kú. Owó yẹn kì í sọnù nígbà ìsìnkú. Ìgbà ìsìn ni a kì í rí i.

Bí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá tó ti dàgbà, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní. Ẹ má wulẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹ béèrè ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ wọn lóru, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé fóònù fún onítọ̀hún.