Dátà Ta Ni Ìpolówó Ń Jẹ?

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá ti tutù, tí ebi sì ń pani, kí ni a tún ń dúró dè? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ ìdúró ni mo gbé wá lónìí: ìdúró tí a ń dúró níwájú fóònù kí ojú ìwé kan tó ṣí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń gbin kòkó ní Ìyẹ̀rè, lágbègbè Ọ̀wọ̀ tiwa yìí, ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ mọ iye tí kòkó ń lọ kí àwọn tó ń rà á tó dé. Ó ra dátà, ó ṣí ìwé ìròyìn lórí fóònù. Ohun tó ń wá kò ju ìlà mẹ́wàá lọ. Kí ìlà mẹ́wàá yẹn tó yọjú, fídíò ti ń kọrin, àwòrán ọṣẹ ti bo gbogbo ojú fóònù. Àwọn mìíràn tí kò hàn sójú tún ń yọ́ wọlé, wọ́n ń ṣọ́ ohun tó ń kà. Gbogbo wọn, dátà ìyá yìí ni wọ́n ń jẹ. Láti oṣù kìíní 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó wọn, tó lè tó ìdá 50 nínú 100, jíjẹ náà ti wá ń dunni gan-an.

Ohun èlò wà tí a lè fi sórí fóònù láti dí ìpolówó pa. Ojú ìwé á yára ṣí, dátà á sì pẹ́ lọ́wọ́. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí kàn mí, nítorí owó ìpolówó wà nínú owó oṣù èmi tí mò ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó dí ìpolówó, tó sì ka iṣẹ́ mi tán, àbí kò jọ ẹni tó jẹ ẹ̀wà yó, tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí olóúnjẹ tó béèrè owó?

Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ní olè ni. Èmi ò gbà. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó rà á mọ iye tó san. Bí ìpolówó bá sì wà nínú ìwé ìròyìn orí bébà, oníṣòwò ló sanwó rẹ̀. Òǹkàwé lè ṣí i kọjá, kọ́bọ̀ kò ní kúrò lápò rẹ̀. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yí padà. Oníṣòwò sanwó, òǹkàwé náà tún fi dátà rẹ̀ sanwó kí wọ́n tó polówó fún un. Irú àlejò wo ló ń wọlé láìpè, tó tún ní kí onílé san owó ọkọ̀ òun? Ẹni tí kò ṣílẹ̀kùn fún un kì í ṣe olè.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Gbèsè kan ṣì kù. Iṣẹ́ tí a bá jẹ àǹfààní rẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó ṣe é rí jẹ níbẹ̀. Ìwé ìròyìn tí ẹ bá ń kà déédéé, tí ìpolówó rẹ̀ kò sì pariwo, ẹ má dí tirẹ̀. Tàbí kí ẹ máa ra ti orí bébà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwa tí à ń ṣe ìwé ìròyìn náà sì dín ẹrù kù. Ẹrù tí ẹlòmíràn máa rù kì í wúwo lójú ẹni tó ń dì í.

Kí a tó dé orí dídí ìpolówó, ọ̀nà wà tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ pa fídíò tó ń dá ṣeré. Ẹ tan Data Saver nínú fóònù yín, kí àwọn áàpù má baà máa jẹ dátà lẹ́yìn yín. Opera Mini tí àwọn ará Norway gbé jáde kárí ayé ní 2006 ṣì wà. Kọ̀ǹpútà tiwọn ló ń kọ́kọ́ gba ojú ìwé, á fún un kéré, á wá fi í ránṣẹ́ sí wa. Ẹ sì lè ní kó má gbé àwòrán wá. Ṣùgbọ́n nítorí pé kọ̀ǹpútà yẹn wà láàárín, ẹ má fi í ṣe ọ̀rọ̀ báńkì. Ibi tí ẹ ń lọ lójoojúmọ́, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ má baà máa wá a látìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá sì ní kí ẹ máa nu gbogbo ohun tí fóònù tọ́jú nù lójoojúmọ́, ẹ má dá a lóhùn. Gàrí inú ilé ni ohun tó tọ́jú yẹn. Ẹni tó dà á nù á tún padà sọ́jà lọ rà á. Ìgbà tí àyè bá há ni kí ẹ nu ún.

Àkókò òǹkàwé àti dátà rẹ̀, ohun ìní rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ nínú rẹ̀, kó tọrọ. Ẹni tó ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ wa lè fínnúfíndọ̀ fún wa.