Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Ìjọba àti Àmánà Ọrùn Wa

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo gba ẹ̀mí ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun.

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣe ohun tí ìwé ní kó ṣe, ǹjẹ́ ó ti pé àmánà ọrùn rẹ̀ bí?

Láìpẹ́ yìí, mo sin bàbá àgbà kan lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ní kó lọ padà wá. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé, orúkọ bàbá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti dá lóhùn. Lójú ìwé, iṣẹ́ ti di méjì. Lọ́wọ́ bàbá, kò sí kọ́bọ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní England, òfin dé pé kí ilé ìwòsàn parí ọ̀rọ̀ aláìsàn pàjáwìrì láàárín wákàtí 4. Ìdúró dínkù lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jàǹfààní. Ṣùgbọ́n ìròyìn tún jáde pé níbòmíràn, inú ọkọ̀ ni wọ́n dá aláìsàn dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, kí aago má baà tètè bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kí a wá sọ òṣùwọ̀n nù ni? Rárá o. Nàìjíríà dá SERVICOM sílẹ̀ ní ọdún 2004, kí ilé-iṣẹ́ ìjọba lè kọ ìlérí rẹ̀ sílẹ̀, kí ará ìlú sì rí ibi fi ẹjọ́ sùn. Ohun rere ni. Òṣùwọ̀n kò jalè. Ọwọ́ tó dì í mú ló ń jalè. Odidi súrà kan, Al-Mutaffifin, ló ń jẹ́ orúkọ àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Ẹni tó ń gba owó oṣù pípé, tó ń ṣe àbọ̀ iṣẹ́, ọmọ ìyá oníṣòwò yẹn ni.

Ìtàn sọ pé bí ẹ̀sùn gómìnà bá dé ọ̀dọ̀ Khalifa Umar, a máa rán Muhammad bin Maslama lọ sí ìlú náà, kó lọ bi àwọn ará ìlú léèrè. Ẹnu ẹni tí a ṣiṣẹ́ fún ni òdodo iṣẹ́ wà.

Nítorí náà, òṣìṣẹ́, má kọ ohun tí o kò ṣe. Ọ̀gá, yé ka orúkọ inú ìwé nìkan. Bi ẹni tó ń jáde lọ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ yanjú. Àwa ará ìlú, ẹ jẹ́ kí a fi ẹjọ́ sùn níbi tó yẹ, kí a má fi rìbá ra ẹ̀tọ́ wa.

Bàbá náà ṣì ń retí owó rẹ̀. Ọlọ́hun kí Ó tètè fà á lé e lọ́wọ́, kí Ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ wa tẹ̀wọ̀n ní Ọjọ́ Àjíǹde. Àmín.