Òórùn Epo Nínú Ìjàpá Bàbá Mi

Páìpù idẹ kékeré kan wà lára kabúrétọ̀ Volkswagen Ìjàpá, kò gùn tó ìka ọwọ́. Ibẹ̀ ni epo bẹntiróòlù ń gbà wọlé. Wọn kò fi sùkúrù dè é, wọn kò sì jó o mọ́ ọn; ńṣe ni wọ́n tì í wọnú ihò tó há mọ́ ọn pinpin, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Idẹ ni páìpù, irin mìíràn ni ara kabúrétọ̀, bí ooru ẹ́ńjìnnì bá sì ti mú wọn, wọn kì í fẹ̀ bákan náà. Tó bá pẹ́ títí, ihò á bẹ̀rẹ̀ sí í tú páìpù sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ìka méjì dì í mú á rí i pé ó ń yí. Bó bá di ọjọ́ kan, á yọ lójú ọ̀nà. Pọ́ńpù kò ní mọ̀ pé ó ti yọ. Á ṣì máa ti epo jáde sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, bẹ́ẹ̀ dísítíríbútọ̀ tó ń ṣáná kò jìnnà síbẹ̀ rárá.

Ìbéèrè kan wà tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, páìpù yìí ló sì jẹ́ kó yé mi. Àléébù tó wà lára ohun tí a kò fi ọwọ́ ara wa ṣe, ta ló ni í? Bí ọkọ̀ náà bá gbiná, ṣé ẹni tó rọ ọ́ ló jẹ̀bi ni, àbí ẹni tó ń wà á, àbí kí a gbójú sókè kí a ní àmúwá Ọlọ́run ni?

Olùkọ́ ni bàbá mi, ó sì ṣe kátíkíìsì fún ìjọ kan ní Ìbàdàn. Ìjàpá tó fi sílẹ̀ fún mi wà lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry, lẹ́yìn tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1975. Ọdún kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Kàdúná. Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe Ìjàpá tó kẹ́yìn ní 2003, iye tí wọ́n sì ti ṣe káàkiri ayé nígbà náà ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé páìpù tí wọ́n kàn tì wọnú ihò yìí wá láti ilé tí wọ́n ti rọ wọ́n, torí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀tá kan ló jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ṣe é sí ọkọ̀ bàbá mi lára.

Àbúrò mi kan tó ti Abẹ́òkúta wá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò tíì jókòó tán tó fi ní, “Ẹ̀gbọ́n, òórùn epo wà nínú mọ́tò yín o.” Èmi kò gbọ́ òórùn kankan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí mo ti gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ọ̀gá mẹkáníìkì mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó nawọ́ wọlé, ó yí páìpù náà díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì. “Màmá, ẹ wá fọwọ́ kàn án fúnra yín.” Mo fọwọ́ kàn án. Ó yí. Ìka mi tutù fún epo. Ó fi ibi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ hàn mí lábẹ́ ibẹ̀, níbi tí epo ti ń ṣàn tó sì ń gbẹ fún ọjọ́ pípẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ ojú títì ni, ọṣẹ ìfọṣọ ni wọn ì bá fi lẹ̀ ẹ́, torí bẹntiróòlù kì í tètè yọ́ ọṣẹ. Ọṣẹ á sì gbé èèyàn dé ilé. Àmọ́ ẹni tó bá fi ọṣẹ wa ọkọ̀ lọ sí Èkó ń wá ọ̀ràn. Ó tún rán mi létí pé kò sí òtútù kankan nílẹ̀ wa tó lè mú kí bẹntiróòlù má rú èéfín. Kódà bí òtútù bá dé ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, èéfín rẹ̀ ṣì lè gbiná. Èéfín náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà sí, ibẹ̀ ló sì ti ń dúró de iná. Mànẹ́síọ̀mù sì pọ̀ nínú irin tí wọ́n fi ṣe ikùn ẹ́ńjìnnì Ìjàpá. Bí ìyẹn bá ràn, iná funfun báláú ni, ẹni tó bá sì da omi sí i ló ń bù sí i.

Ó yọ okùn bátìrì kúrò. Ó fa rọ́bà epo yọ, ó ki bóòtì sẹ́nu rẹ̀ kí epo má bàa dà. Ó tú sùkúrù márùn-ún tó de ìdérí kabúrétọ̀, ó gbé e lé orí aṣọ mímọ́, ó sì fi ẹ̀mú fa páìpù náà. Agbára díẹ̀ báyìí ló lò, ó yọ. Àwọn mìíràn máa ń ha ara páìpù kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n á sì jẹ́ kó sun mọ́jú. Ọ̀gá kò fẹ́ ìyẹn. Ó fi gírísì pa irin tí wọ́n fi ń gé ojú sùkúrù, kí èérún irin lè lẹ̀ mọ́ ọn dípò kí ó bọ́ sínú ibi tí abẹ́rẹ́ tó ń ṣí epo tó sì ń tì í wà, ó sì gé ojú sùkúrù sínú ihò náà. Ó wá de páìpù idẹ tuntun tó ní ojú sùkúrù mọ́ ọn. Nígbà tó kan rọ́bà, aṣọ híhun ló bò ó lára, ó dáa lójú. Ọ̀gá fi abẹ ya aṣọ náà, ó tẹ rọ́bà kọrọ, a sì rí i pé ó ti sán láti òkè délẹ̀ lábẹ́ aṣọ tó bò ó. Ó ju ìyẹn nù, ó sì fi tuntun sí i pẹ̀lú kílíìpù.

Àwọn bàbá wa ti yẹ ìbéèrè mi yìí wò kí mọ́tò tó dáyé. Nínú ìtàn Ifá kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ sílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí. Àjàlá mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n onígbèsè ni, kò sì bìkítà. Orí tí kò jinná wà láàárín èyí tó jinná, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n. Orí burúkú kì í wú tuulu. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gbé èyí tó wù wọ́n. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì ń rẹ́. Nígbà tí wọ́n dáyé, gbogbo èrè iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ná sórí títún orí náà ṣe. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá sì fi ọ̀pá irin gbá orí wò fún un kó tó gbé e.

Ọmọ kátíkíìsì ni mí, n kì í dá Ifá, ṣùgbọ́n mo ka ìtàn yìí sí ọ̀rọ̀ ńlá. Kò bo amọ̀kòkò láṣìírí. Ó ní ọwọ́ Àjàlá ni orí ti bàjẹ́ wá, síbẹ̀ ẹni tó rù ú ló ń san owó àtúnṣe. Ó pẹ́ tí mo ti ka ìyẹn sí ìwà ìkà. Èrò mi ti yí báyìí. Títí di ìgbà tí òjò rọ̀, ti Àjàlá ni ẹ̀bi. Àmọ́ nígbà tí orí ti ń rẹ́ lójú ẹni tó rù ú, tó sì mọ̀ pé ó ń rẹ́, kò tún sí ẹlòmíràn tó lè gbé e lọ fún àtúnṣe mọ́. Àléébù ọkọ̀ jẹ́ ti ẹni tó rọ ọ́ títí di ọjọ́ tí a gbóòórùn epo. Láti ọjọ́ náà lọ, tiwa ni.

Arákùnrin kan nínú ìjọ wa ṣe ìdúpẹ́ ńlá láìpẹ́ yìí. Peugeot 504 rẹ̀ gbiná ní oríta kan, àwọn ọlọ́kadà sì bu iyẹ̀pẹ̀ dà á títí iná náà fi kú. Ó jẹ́rìí pé àwọn ọ̀tá ilé bàbá òun ló fẹ́ fi iná pa òun. A jó, a yọ̀, èmi náà jó. Lẹ́yìn ìsìn mo bi í léèrè ohun tí wọ́n tún ṣe lára ọkọ̀ náà. Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ wáyà tó jóná. Mo ní rọ́bà epo ńkọ́, èyí tó ń jò? Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

“Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé kì í ṣe Ọlọ́run ló yọ mí ni?”

“Ọlọ́run ló yọ ẹ́, ọmọ mi. Rọ́bà yẹn ṣì wà níbẹ̀.”

Ó bínú díẹ̀, mo sì mọ ìdí. Ó rò pé mo fẹ́ gba ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó lọ ka Ẹ̀kísódù orí 21. Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé bí màlúù bá kan èèyàn pa, màlúù ni wọn yóò sọ ní òkúta, ọrùn olówó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé màlúù náà ti máa ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò so ó, ẹ̀jẹ̀ náà wà lọ́rùn olówó màlúù. Màlúù kan náà ni, ìwo kan náà ni. Ohun tó yà wọ́n ni pé ẹnì kan ti wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, tó ní, “Ẹ̀yin, màlúù yín ń kàn o.” Mósè kò pe màlúù náà ní iṣẹ́ ayé, kò sì pè é ní àmúwá Ọlọ́run.

Ìkìlọ̀ yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Imú èèyàn kì í pẹ́ kí òórùn tó mọ́ ọn lára. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ lè má gbọ́ nǹkan kan mọ́, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló máa gbọ́ ọ. Bó bá ṣe pé òórùn ló sọ àléébù di tiwa, ǹjẹ́ ẹni tí kò gbọ́ òórùn mọ́ bọ́? N kò gbà pé ó bọ́. Ojúṣe rẹ̀ ni láti gba imú ẹlòmíràn gbọ́. Ojúṣe ẹlòmíràn náà sì ni láti sọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá máa ń bọ̀wọ̀ fún ara wa débi pé èrò á jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ àgbàlagbà, òórùn epo á máa pa á, kò ní wí, kí wọ́n má bàa ní ó ń rí ẹni fín. Ọ̀wọ̀ tó lè jó èèyàn mẹ́rin pa nìyẹn, mo sì dúpẹ́ pé àbúrò mi kò fi irú rẹ̀ wọ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ mi ní ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Bí mo bá wọ ilé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú sínú iná ọkọ̀, n kò ní béèrè rọ́bà. Màá jókòó, màá ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, òótọ́ ọkàn mi ni màá sì fi sọ ọ́. Ta ló mọ ohun tí òkú gbóòórùn, ta ló mọ̀ bóyá owó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Àmúwá Ọlọ́run jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó ṣì ń wa ọkọ̀ ni kò yẹ kó fi ṣe ìrọ̀rí.

Ti owó yẹn ló ṣì ń dùn mí. Àwọn awakọ̀ kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n ti gbóòórùn epo, tí wọ́n mọ̀, tí kò sì sí ohun tí wọ́n máa fi ra rọ́bà tuntun nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Èmi tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, tí mo sì ní owó lọ́wọ́, ṣé mo lè sọ pé tiwọn nìkan ni? Mo gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ pé kí a máa yọ díẹ̀ nínú owó ìdúpẹ́ fún yíyẹ ọkọ̀ àwọn ọmọ ìjọ wò. Àwọn alàgbà kan ní owó ìdúpẹ́ kì í ṣe owó mẹkáníìkì. Mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ Bíbélì tó ya owó méjèèjì sọ́tọ̀ hàn mí. Wọn kò tíì rí i, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà nínú ètò ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.