Ta Ló Dí Ọ̀nà Mọ́ Superman?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọrùn Zod. Nínú fíìmù Man of Steel tí Zack Snyder darí, tó jáde lọ́dún 2013, Superman àti Zod jà títí apá kan ìlú Metropolis fi di àlàpà. Nígbà tó yá, ní ibùdókọ̀ ojú irin, Superman di Zod lọ́rùn mú láti ẹ̀yìn. Iná tó ń jáde lójú Zod ń sún mọ́ ìdílé kan tó há sí kọ̀rọ̀ ògiri. Superman bẹ̀ ẹ́ pé kó dáwọ́ dúró. Kò gbà. Ló bá ṣẹ́ ọrùn rẹ̀, ó sì fi igbe ta.

Àríyànjiyàn lórí ọrùn yẹn ò tíì tán láàárín àwa tá a fẹ́ràn irú fíìmù báyìí. Àwọn kan ní Superman kì í pààyàn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn kan ní kí lẹ fẹ́ kó ṣe, ṣé kó máa wò kí ìdílé yẹn jóná ni? Ká sòótọ́, tó bá jẹ́ pé inú ibùdókọ̀ yẹn la dúró sí, àwọn tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn yìí ló jàre. Ẹni tó lè gba ọmọdé sílẹ̀ tí kò gbà á torí pé ó fẹ́ kí ọwọ́ òun mọ́, ọwọ́ mímọ́ wo ló kù níbẹ̀?

Àmọ́ ẹnìkan ló kọ́ ibùdókọ̀ yẹn. Snyder fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde pé nínú ìwé eré àkọ́kọ́, ńṣe ni Zod máa bá àwọn èèyàn rẹ̀ yòókù wọ Phantom Zone, ẹ̀wọ̀n tí àwọn ará Krypton ń ju ọ̀daràn sí. Ọ̀nà wà. Wọ́n rí i, wọ́n dí i, wọ́n wá ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Yorùbá tó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà ò tíì dé Hollywood.

Ohun tó ń ká wa lára nìyẹn. Láyé tá a wà yìí, bí alágbára bá ní kò sí ọ̀nà mìíràn, ó yẹ ká bi í pé ta ló dí àwọn tó kù. Fíìmù kì í jẹ́ ká béèrè. Kámẹ́rà á ti gbé ojú ìdílé tí ẹ̀rù bà wá síwájú wa, ìbéèrè á sì kú sí wa lẹ́nu.

Ẹ má sì rò pé òfin pé akọni kì í pààyàn já bọ́ láti ọ̀run o. Nígbà tí Batman kọ́kọ́ jáde nínú kọ́míìkì lọ́dún 1939, ó gbá ọ̀daràn kan ṣubú sínú ásíìdì, kò sì bojú wẹ̀yìn. Lọ́dún 1940, wọ́n ti fẹ́ kí Joker kú nínú ìwé Batman àkọ́kọ́. Olóòtú wọn, Whitney Ellsworth, ló ní kí wọ́n yí àwòrán ìparí padà kó lè yè. Ta ló máa pa adìẹ tó ń yé ẹyin? Kọ́míìkì máa ń padà wá sọ́jà, ọ̀tá náà sì gbọ́dọ̀ padà wá.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ sọ́fúwíà mọ irú nǹkan báyìí dáadáa. Tí wọ́n bá ní ká gbé ètò àtijọ́ lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, a máa ń bá ìlà kóòdù kan pàdé tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ torí ẹ̀rọ kan tí wọn ò tà mọ́ ló ṣe kọ ọ́. Ẹ yọ ọ́ dànù lọ́jọ́ Jímọ̀, kẹ́ ẹ wá wo irú òpin ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò. Ohun tó mú un wá ti kú lóòótọ́, àmọ́ gbogbo èyí tí wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀ ti gbára lé e. Òwò ló lè bí òfin Superman. Ní báyìí, òun ni Superman. Ẹni tó lè fọ́ wa túútúú, tí kò fọ́ wa.

Kọ́míìkì náà rú òfin yìí rí. Lọ́dún 1988, John Byrne jẹ́ kí Superman fi kryptonite pa ọ̀daràn mẹ́ta tó ti run ayé kan, Zod sì wà lára wọn. Àmọ́ ẹ̀bi náà bá Superman lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Orí rẹ̀ dàrú, ó fi ayé sílẹ̀, ó ń rìn kiri lójú òfuurufú. Òǹkàwé ń ra ẹ̀dùn ọkàn yẹn lóṣooṣù. Nínú fíìmù ọdún 2013, igbe yẹn kò tíì tutù tí Superman fi ń bá ọ̀gágun ṣàwàdà, tí sójà obìnrin kan sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kọ̀ǹpútà ti yanjú fífò. Kò tíì sí èyí tó lè ki oṣù mẹ́fà ẹ̀bi sínú wákàtí méjì àti díẹ̀.

Lóòótọ́, nínú Superman II ti ọdún 1980, Superman ju Zod sínú ọ̀gbun lẹ́yìn tí agbára ti tán lára rẹ̀, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa, ìyẹn burú ju ti Snyder lọ. Snyder tiẹ̀ jẹ́ kó ké.

Nínú Superman tí James Gunn ṣe lọ́dún 2025, ẹranko ràgàjì kan ń wó ilé lu àwọn ará ìlú. Superman ò fẹ́ kí wọ́n pa á; àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pa á, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i. Láàárín ìjà yẹn ló fò lọ gbé ọ̀kẹ́rẹ́ kan kúrò lábẹ́ ewu. Ọ̀kẹ́rẹ́ o! Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ni, kò sì ti ìtàn síwájú rárá. Ẹnìkan kàn jókòó, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀.