Orúkọ Wo Ni Ọmọ Yìí Ń Jẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí kì í sọ síta, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Bí ọmọbìnrin ẹni bá ti pé ọdún 14 tàbí 15, tí ìṣe rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣé ó tọ́ kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n wò ó bóyá ọ́tísíìmù ni? Àbí kí a fi í sílẹ̀, kí a má baà fi ọwọ́ ara wa so orúkọ mọ́ ọmọ lọ́rùn kí ó tó dé ilé ọkọ?

Ọ́tísíìmù kì í wọlé kó tún jáde bí ibà. Bí a ṣe dá ọpọlọ ọmọ ni. Ní 1943, Dókítà Leo Kanner ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó rí bẹ́ẹ̀: ọkùnrin 8, obìnrin 3. Ní 1944, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna nípa ọmọkùnrin 4. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi ń wo ọ̀ràn náà bí ọ̀ràn ọmọkùnrin, tí ojú sì ń fo ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin.

Ọmọbìnrin tún mọ bí a ti ń fara pamọ́. Á máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, á há ìkíni sórí bí ẹni há súrà sórí. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á sunkún títí, kò sì ní lè sọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Lọ́dọ̀ tiwa, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú ohun tí dókítà máa ń wò ni bí ọmọ kì í bá wo ènìyàn lójú. Ọmọbìnrin tí kì í wo àgbà lójú, tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣebí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ là ń pè é! A ń yìn ín fún ohun tó ń ni ín lára. (Kì í ṣe pé gbogbo ọmọ tó dákẹ́ ló ní ọ́tísíìmù o.)

Àwọn kan á ní súrà Al-Hujurat kọ̀ fún wa láti máa fi orúkọ burúkú pe ara wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ọmọ yìí kò tíì ní orúkọ ni? Ó fọwọ́ di etí níbi ìnáwó, a ní kò mọ̀wàáhù. Ó kọ oúnjẹ, a ní olóríkunkun ni. Ó sọ òótọ́ lójú àlejò, a ní kò nítìjú. Ìyá àgbà ní ẹlẹ́gbẹ́ ni; àfáà ní àlùjànnú ló ń bá a jà, ó sì ń fọ wàláà fún un mu. Orúkọ 5 nìyẹn, kò sì sí ọ̀kan tó ràn án lọ́wọ́. Èyí tí dókítà fẹ́ fún un nìkan là ń pè ní àbùkù.

Àyẹ̀wò náà kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n á bi ìyá nígbà tí ọmọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń ṣeré ní kékeré, wọ́n á gbọ́ tẹnu olùkọ́, wọ́n á sì jókòó ti ọmọ fúnra rẹ̀. Ó lè ju ọjọ́ kan lọ. Àwọn dókítà ọpọlọ tó ń tọ́jú ọmọdé wà ní UCH, Ìbàdàn. Kò sí oògùn tó ń mú un kúrò. Àǹfààní rẹ̀ ni pé olùkọ́ yóò mọ bí òun ó ṣe kọ́ ọ, ọmọ náà yóò sì mọ̀ pé òun kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Ta ni yóò wá pinnu? Ọmọ tó ti bàlágà, tí ìrun àti ààwẹ̀ ti di ọ̀ranyàn lé lórí, tí Ọlọ́hun yóò bi léèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ó tàn lọ sí ọsibítù pé oògùn orí fífọ́ la fẹ́ gbà? Kí a sọ fún un. Bó bá ní òun ò lọ, kí a ní sùúrù, kí a tún bi í lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Èsì náà, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù ìyá rẹ̀.

Ti ọkọ ńkọ́? Kò tọ́ kí a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ó sọ ọ́, fún ọkùnrin náà, kì í ṣe fún gbogbo ẹni tó bá wá ṣe ìwádìí ìdílé. Ọkùnrin tí orúkọ yìí bá lé sá, ìwà tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ni ìbá lé e sá lẹ́yìn yìgì, nígbà tí ọmọ ti lè wà lẹ́yìn ìyàwó.